Àmì Tó Wà Lẹ́yìn Òpin Fídíò

Lórí kọ̀ǹpútà, mo ń fi àmì pupa sí gbogbo ibi tí Wúràọlá ti sọ̀rọ̀ nínú fídíò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, kí n lè gé wọn jọ fún ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Wúràọlá ni Màmá ò ti fẹ́ jẹun; mọ́ínmọ́ín tí mo rà fún un ṣì wà nílẹ̀.

Màmá sọ fún mi pé, "Dìran, wá a dáadáa. Ẹnu ọmọ yẹn kì í sinmi."

"Ó ti pé, Mà."

Àmọ́ àmì kan tí n kò fi síbẹ̀ wà lẹ́yìn òpin fídíò, níbi tí kò sí àwòrán tàbí ohùn. Mo pa á rẹ́, ó tún yọ. Mo tẹ̀ ẹ́, ohùn Wúràọlá sì jáde.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

Màmá sunkún títí, ó wá fa mọ́ínmọ́ín náà sọ́dọ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, àmì náà ti lọ.