Kútọ̀nù Tí Kazeem Kò Dé

Òpùrọ́ ni Kazeem. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà ṣàánú rẹ̀ jù. Kì í jalè, kì í mutí. Táyà ló ń tà ní Ìyànà Ìbà, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá ti pè é lórí fóònù báyìí, irọ́ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó ń tìtorí rẹ̀ purọ́ kò tilẹ̀ tó nǹkan. Òun àti Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn ìrìn àjò afẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á di àgọ́ àti ẹní sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á ti ilé wọn ní Ìbà gba ọ̀nà Èkìtì tàbí Ọ̀ṣun lọ. Wọ́n á pàgọ́ sí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n á wo omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, wọ́n á gbọ́ ohùn ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ní Okokomáíkò. Ta ló ní kí tọkọtaya má gbafẹ́? Èmi kọ́ o.

Ìyá rẹ̀, Sìkírátù, ń gbé ní agboolé wọn ní Ọ̀jọ́. Ọmọ márùn-ún ló bí, Kazeem nìkan ló kù. Kò bèèrè ju pé kí ọmọ òun máa yọjú lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni yóò gbé òun sínú sàréè nígbà tí ọlọ́jọ́ bá dé. Oríkì ló fi máa ń pè é. "Àkànmú, ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Kazeem á ní, "Ẹ máa pẹ́ fún wa, Mọ́mì," á sì tún wá irọ́ mìíràn pa.

Jùmọ̀kẹ́ bi í lẹ́ẹ̀kan, "Kí ló dé tí o ò kúkú sọ fún wọn pé a fẹ́ lọ gbafẹ́?"

"Wọ́n á ní mo pa àwọn tì, mò ń tẹ̀ lé ìyàwó kiri. Fi mí sílẹ̀ jàre."

Jùmọ̀kẹ́ náà fi í sílẹ̀, torí ìrìn àjò yẹn dùn mọ́ ọn.

Ní Àlàmísì kan, ìyá pè. "Àkànmú, àyà ń fún mi láti àná. Wá wò mí lọ́la."

Àgọ́ ti wà nínú ọkọ̀. "Háà, Mọ́mì, Kútọ̀nù ni mò ń lọ lọ́la lọ ra táyà. Sọ́ńdè ni mo máa dé. Ẹ má pè mí o, fóònù mi kì í ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún."

"Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní bọ́dà."

Kí irọ́ náà lè fìdí múlẹ̀, Kazeem pa fóònù rẹ̀, ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ pa tirẹ̀. Wọ́n lọ sí òkè kan ní Ọ̀ṣun. Ní àárọ̀ Sátidé, bí wọ́n ti ń ya ara wọn ní fọ́tò lórí àpáta, ìyá rẹ̀ dákẹ́ ní Ọ̀jọ́.

A kì í fi òkú Mùsùlùmí pamọ́. Bàbá Kàmọ́rù, àbúrò olóògbé, pe fóònù Kazeem títí ó fi sú u. Ó rán Toheeb ọmọ rẹ̀ pé, "Gbéra, Kútọ̀nù ló wà." Toheeb gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Àgbádárìgì, ó sọdá bọ́dà, ó ń bèèrè láti ṣọ́ọ̀bù táyà dé ṣọ́ọ̀bù táyà. Wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti gbẹ́ sàréè. Lèmọ́ọ̀mù ní kí wọ́n mú sùúrù di ìrun Alásárì. Wọ́n dúró. Kò sí Kazeem. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló gbé Sìkírátù wọ inú ilẹ̀. Ká ní òtítọ́ ni Kazeem sọ ni, fóònù rẹ̀ ì bá wà ní títàn, wákàtí mẹ́rin péré ni ì bá sì fi délé.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, Kazeem dúró ní Okokomáíkò, ó ra búrẹ́dì Kútọ̀nù kí ìyá lè gbà á gbọ́. Jùmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n wọ agboolé, àwọn ènìyàn jókòó lórí ẹní. Kazeem rò pé sàráà ni.

"Ẹ kú ìjókòó o! Háà, Kútọ̀nù le lọ́tẹ̀ yìí!"

Toheeb dìde, ojú rẹ̀ pọ́n koko. "Bọ̀ọ̀dá, ṣọ́ọ̀bù ta ni ẹ wà ní Kútọ̀nù? Torí kò sí èyí tí mi ò dé."

Ìgbà náà ni Kazeem rí òkìtì sàréè tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. "Mọ́mì mi dà?"

"A ti sin wọ́n lánàá," ni Bàbá Kàmọ́rù wí. "A dúró dè ọ́ títí."

Jùmọ̀kẹ́ ló bú sẹ́kún. "Ọ̀ṣun la wà! Ẹ forí jì wá, a ò lọ sí Kútọ̀nù rárá!" Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Kazeem ti wà nílẹ̀, ó ń yí nínú yanrìn.

Ní ọjọ́ kẹjọ, níbi fìdáù, Toheeb ni wọ́n fi sí àyè ọmọ olóògbé. Kazeem jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn àlejò. Nígbà tí àdúrà parí, ó rákò lọ bá Bàbá Kàmọ́rù. "Bàbá, kí ni wọ́n sọ kẹ́yìn?"

Bàbá ní, "Inú ń bí àwa pé o ò wá. Mọ́mì rẹ ló ń bẹ̀ wá fún ọ. Wọ́n ní, 'Ẹ má bá Àkànmú mi wí. Iṣẹ́ ló gbé e lọ sí Kútọ̀nù.'"

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní òbí láyé, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò fara sin. Ẹ gbafẹ́ yín, ẹ gun òkè, ẹ pàgọ́ síbi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ ibi tí ẹ wà fún àwọn tó bí yín. Ẹni tó bá purọ́ fún òbí rẹ̀ nítorí ìgbádùn ọjọ́ méjì lè fi àbámọ̀ lo ìyókù ayé rẹ̀. Ẹni tí Kazeem ì bá sì bẹ̀ pé kó dárí ji òun ti wà lábẹ́ ilẹ̀, ó sì gba irọ́ rẹ̀ gbọ́ títí ó fi kú.