Awò Ojú Tí Ọ̀gá Fi Ń Gun Alùpùpù

Ẹ má ṣe dúró lágbedeméjì. Ẹ ka ọ̀rọ̀ Japhet Ikúmápàyí yìí tán, kí ẹ sì kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé.

Ní ọdún 1956, Japhet, ọmọ apẹja láti etí odò, ń ṣiṣẹ́ ní Bàrígà, níbi tí wọ́n ti ń gé àgbá irin ṣe garawa. Sùrájù ni ọ̀gá wọn. Ilé iṣẹ́ ra awò kan tí ń bo ojú, nítorí èérún irin tó máa ń ta. Sùrájù mú un lọ! Ó ń fi í gun alùpùpù kiri Ṣómólú kí àwọn obìnrin lè máa wò ó.

Òòlù ti lu orí irin tí Japhet fi ń gé àgbá títí ó fi ya pẹ́pẹ́pẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ orí irin yìí kó dán. Ẹ sì bá mi mú awò yẹn wá."

Sùrájù rẹ́rìn-ín. "Ará odò! Ìwọ tí ìpẹ́ ẹja ń ta sí lójú láti kékeré, kí ni irin fẹ́ fi ọ́ ṣe? Padà sídìí iṣẹ́, àbí kí n pe ẹlòmíràn?"

Japhet padà. Ó gbé òòlù sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èérún ta láti orí irin, ó wọ̀ ọ́ lójú ọ̀tún.

"Ojú mi o! Ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà!"

"Dókítà kẹ̀? Kí wọ́n lè bi mí níbi tí awò wà? Ṣebí ìyàwó rẹ ń tọ́mọ lọ́wọ́. Kó fún omi ọmú sí i. Òun náà la máa ń lò níbí."

Òótọ́ ni, bí eruku bá kó síni lójú. Ṣùgbọ́n eruku kọ́ nìyí! Irin ló gún ẹyinjú wọlé. Rebecca ìyàwó rẹ̀ ń fún omi ọmú sí i, ó ń sunkún, ojú ń wú. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ojú ọ̀tún ti kú. Nígbà tó yá, tòsì náà ṣókùnkùn tẹ̀lé e, nítorí ọgbẹ́ ojú kan a máa ran èkejì nígbà mìíràn.

Wọ́n lé Sùrájù lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá bẹ̀bẹ̀ nílé wọn.

"Ìyá Sabina, ẹ má bínú. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni."

"Ṣé Ọlọ́run ló ń gun alùpùpù ni? Ẹ jáde nílé mi!"

Japhet gbé Sabina ọmọ wọn lé ẹsẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ imú rẹ̀ àti ètè rẹ̀. "Rebecca, ṣé ó ti ń jọ mí?"

Rebecca mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi í kan àgbọ̀n ọmọ náà.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ohun ààbò òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ yín. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí irin bá wọ ojú, ẹ má fún ohunkóhun sí i, ẹ má fọwọ́ ra á. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ fi ojú lásán gé irin, ẹ ju òòlù sílẹ̀ fún un. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.