Ọmọ Tí Kò Ní Káàdì

Ìwòsàn ọ̀fẹ́ la ní a wá ṣe ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Irọ́ ni, fọ́tò tí a yà pọ̀ ju oògùn lọ. Lánàá, obìnrin kan gbé ọmọ tí ibà ń dà láàmú wá. Dókítà Láníyọnu lé e, ó ní kò gba káàdì ìforúkọsílẹ̀ láàárọ̀.

"Dókítà, ṣé ibà mọ̀wé tí yóò fi ka káàdì?"

Bí mo ṣe bú dókítà nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi nọ́ọ̀sì náà kò fọwọ́ kan ọmọ ọ̀hún.

Nírọ̀lẹ́ òní, mo ń dá palẹ̀ mọ́ nígbà tí obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó. Ara rẹ̀ kò gbóná mọ́."

Mo fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ọmọ náà. Ọkàn rẹ̀ kò lù rárá.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Omijé bọ́ lójú mi.

Ọmọ náà lajú, ó na ọwọ́ tútù, ó ń nu omijé mi.