Ìbéèrè Ìyá Abdulhameed

Ilé ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí oògùn olóró ti sọ dẹrú tí Ìyá Abdulhameed wọ̀ lọ́jọ́ náà, ní Ire-Akari, ni ìkẹrin tí ó dé láàárín oṣù mélòó kan. Láti Mafoluku ló ti wá. Ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú kí ó tó dé ẹnu géètì. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe àárẹ̀ ìrìn nìkan.

Ibi yòówù kó dé, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi wọ́n. Kì í béèrè oúnjẹ, kì í béèrè bẹ́ẹ̀dì, kì í tilẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ń gbà. Ohun tó ń fẹ́ mọ̀ ni pé, bí ọmọ bá ti ń gbé oògùn mì fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, tí gìrì mú un, tó ń gbọ̀n, tí ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, kí ni àwọn tó ń ṣọ́ ọ máa ṣe?

Ní Ailegun, níbi tó kọ́kọ́ ti béèrè, Sherifdeen ni wọ́n pè wá dá a lóhùn. Géńdé ni, ẹnu ọ̀nà ilé ijó ló ti ń ṣọ́ èrò kí ó tó di olùtọ́jú. Ó ní àwọn mẹ́rin làwọn máa dì í mú, àwọn á sì fi ṣíbí há a lẹ́nu.

"Màmá, kò lè ju agbára wa lọ," ó ní, ó sì ká apá kí ìyá náà lè rí iṣan rẹ̀.

Ibi kejì, omi tútù ni wọ́n ní àwọn máa dà lé e lórí. Ibi kẹta, olùdarí wọn gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ sára ògiri nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Ìmọ̀ ìpolówó ọjà ló kà. Ìyẹn ní ọwọ́ Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ gìrì wà, kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn lè ṣe sí i.

Ìyá Abdulhameed dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Lálẹ́ ọjọ́ tó ti ibi kẹta yìí dé, ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti rí irú oorun bẹ́ẹ̀ sùn.

Àbúrò rẹ̀, Títí, kò fara mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó gẹ́ẹ́. Kí lẹ tún ń wá kiri?"

"Ẹyọ kan sí i," ó ní. "Kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Ní Ire-Akari, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú, olùdarí ibẹ̀, fún un ní àga àti omi.

"Ọmọ ọdún mélòó ni, màmá?"

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún."

"Kí ló ń lò?"

"Oògùn oorun ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó wá bọ́ sórí tramadọ́ọ̀lù."

"Ṣé kì í fa wàhálà nílé?"

"Ọmọ dáadáa ni." Ojú rẹ̀ tú ká díẹ̀. "Á kọ́kọ́ gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kó tó jẹun."

Lẹ́yìn náà ló bi ìbéèrè rẹ̀. Ó di ọwọ́ àga mú, ó sì ń gbàdúrà nínú.

Ọláyanjú ní òun kọ́ ló yẹ kó dáhùn ìyẹn. Ó pe nọ́ọ̀sì wọn, Moyọ̀sọ́lá, ọ̀dọ́bìnrin tó wọ bàtà rọ́bà.

"Màmá, a kì í gbà á lọ́wọ́ wọn lójijì rárá," Moyọ̀sọ́lá ní. "Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí gìrì má bàa wáyé."

"Bó bá wá wáyé ńkọ́?"

"A ò ní dì í mú, a ò sì ní ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. A máa kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, a máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ má bàa dí i lọ́fun, a máa wo aago. Bí kò bá tètè dáwọ́ dúró, ọsibítù yá."

"Ṣé á yè é?"

"Ọ̀pọ̀ ìgbà, màmá. Ó ṣe ẹnì kan níbí lóṣù tó kọjá. Òun lẹ ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn yẹn, wọ́n ń ta lúdò."

Ìyá Abdulhameed fetí sí ariwo ayò náà. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti le.

"Ìwọ kàwé ẹ̀. Bó bá di alẹ́ tí o ti lọ sílé ńkọ́?"

Moyọ̀sọ́lá rẹ́rìn-ín, ó na ọrùn síta lójú fèrèsé. "Bàbá Abórìṣàdé! Bí gìrì bá mú ẹnì kan lóru ńkọ́?"

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ń bó ẹ̀pà, kò tilẹ̀ gbé orí sókè. "Màá yí i sí ẹ̀gbẹ́, màá pe dókítà. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀."

"Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wa," Moyọ̀sọ́lá ní. "Kò le rárá, màmá."

Omijé bọ́ lójú ìyá náà. Ọláyanjú rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti rí ọ̀pọ̀ ìyá tó sunkún lórí àga yẹn nígbà tí wọ́n rí ibi tó dáa.

"Ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí," ó ní. "Ẹ mú un wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ìyá Abdulhameed dìde, ó tún jókòó.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú Abdulhameed lé e lọ́wọ́ nílé ìtọ́jú tó mú un lọ, ṣáájú àwọn mẹ́rin yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi tù ú nínú ló fi ń gbé ayé, pé gìrì ló pa á, kò sì sí ẹnikẹ́ni láyé yìí tó mọ ohun tí wọn ì bá ṣe.