Bọ́tìnnì Kejì

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

“Bàbá, jíìpù bọ̀gìnnì ló kàn yín,” ni ọlọ́jà ọkọ̀ wí. “Ó ga, orúnkún yín ò ní sunkún mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi pààrọ̀ ọkọ̀ pẹlẹbẹ yín yìí.”

Bàbá na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọlọ́jà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ náà, ó tẹ èkejì nínú bọ́tìnnì méjì tí àga fi ń rántí bí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jókòó sí i. Àga awakọ̀ rọra sún síwájú, ó gbéra sókè.

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. “Ta ló ń bá yín wà á tó kúrú báyìí?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Ẹ bá mi kí wọn nílé.”

“Ọdún mẹ́ta rè é tó ti filẹ̀ ṣaṣọ bora.”

Ọlọ́jà yára dá àga padà. Bàbá rọra gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, tún tẹ èkejì yẹn fún mi.”