Ògiri Odò Tí Leith Kò Bi Ẹnikẹ́ni Léèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo ìtàn yìí. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1. Akọ̀ròyìn ni Leith Pascall ní ìlú Warrabine, ní Ọsirélíà. Ó mọṣẹ́, àmọ́ ó fẹ́ kí ìròyìn tirẹ̀ máa ṣáájú ti gbogbo ayé. Graeme Hartnoll, aṣòfin àgbègbè wọn, mọ ibi tó ń yún un, ibẹ̀ gan-an ló sì ń bá a họ.

"Leith, ìwọ nìkan ni mo fẹ́ fún ní ìròyìn yìí. Ṣùgbọ́n o mọ àdéhùn wa: má pe ẹnikẹ́ni láti wádìí kó tó jáde."

Àṣà àwọn olóṣèlú ibẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ló sì ń gbà á.

2. Nígbà tí ìdìbò sún mọ́lé, Graeme ní wọ́n ti tún ògiri erùpẹ̀ tó ń dá omi odò dúró ṣe.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ pátá?"

"Kò séwu mọ́! Àbí kí n gbé e fáwọn akọ̀ròyìn Sydney?"

"Rárá o! Má fún wọn!"

Òdìkejì títì ni ọ́fíìsì ẹnjiníà tó ń bójú tó ògiri náà wà. Leith ò dé ibẹ̀, kò sì pè é. Ó kọ ọ́ pé ògiri ti le. Graeme sì wọlé ìbò.

3. Òjò ńlá dé. Àwọn agbanilà kan ilẹ̀kùn Noreen, ìyá Leith, tó ń gbé létí odò.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ!"

"Ẹ lọ gbé àwọn ojo. Ọmọ mi ló kọ ọ́ pé ògiri le, ọmọ mi kì í purọ́."

Leith gbọ́, ó sáré pè é.

"Mọ́mì, ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ṣé ohun tí o kọ kì í ṣòótọ́ ni?"

"Mọ́mì... mi ò bi ẹnikẹ́ni."

Lẹ́yìn náà, fóònù gé. Apá tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lára ògiri ló ya. Ìgbà tí omi fà ni wọ́n tó rí òkú Noreen.

4. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà pe Graeme, ó ní, "Mo sọ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ni. Akọ̀ròyìn ló kọ pé ó ti parí." Leith ò rí ẹlẹ́rìí kankan pé Graeme ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, nítorí kò bi ẹlòmíràn. Kò kọ ìròyìn mọ́ títí dòní. Ẹkún ìyá rẹ̀ ló ń sun.

Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ̀yin tí ẹ ń pín ìròyìn kiri, ẹ ṣọ́ra o! Olóṣèlú tó bá ní kí o má bi ẹlòmíràn, ó mọ ohun tí ẹni náà máa sọ. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.