Bẹ́ẹ̀dì Ẹnìkan

Ìyàwó mi ń ra bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan, kò sì sọ ẹni tó máa sùn lórí rẹ̀ fún mi.

A wà ní ṣọ́ọ̀bù àga àti bẹ́ẹ̀dì ní Riverdale, nílùú òyìnbó. Morọ́láyọ̀ ìyàwó mi wà níwájú, mo ń ṣọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì ni. Bípà tí ọsibítù fi ń pè é ń ké ní ìbàdí rẹ̀, kò wò ó.

"Dádì Anna, ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yìí. Ṣé ó rọrùn fún yín láti dìde?"

"Ó rọrùn. Àmọ́ kò lè gba àwa méjèèjì."



Ó tún mú àga kan ṣoṣo, èyí tí apá rẹ̀ le dáadáa.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kó kúrò nílé ọkọ lọ́dún tó kọjá. Bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan lòun náà kọ́kọ́ rà.

"Morọ́láyọ̀, kí ni mo ṣe fún ẹ? Ṣé o fẹ́ fi mí sílẹ̀ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ níbí."

Ọkùnrin tó ń tajà bi í léèrè ibi tí wọ́n máa gbé bẹ́ẹ̀dì náà lọ.

Àdírẹ́sì ilé wa ló sọ. Ọkàn mi balẹ̀.

Ó ní kí wọ́n tò ó sí pálọ̀, nísàlẹ̀, torí ọkọ òun ò ní lè gun àtẹ̀gùn mọ́ tó bá fi máa di Kérésìmesì.

Gẹ̀ẹ́sì tó sọ yẹn ò le. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì dókítà tí a lọ rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló le. Morọ́láyọ̀ ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní dókítà ní kò sí nǹkan tó ń ṣe mí.